Fìlà Lẹ́yìn Ìgbéyàwó

Bí ẹ bá ti ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé eré aláwòrán wọ̀nyẹn, ẹ ti ka gbogbo wọn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo ti ka èyí tí ó lè kún àpò, mi ò sì rántí ọ̀kan tí òpin rẹ̀ yà mí lẹ́nu rí. Ọmọbìnrin kan á máa rìn lọ lẹ́bàá títì, mọ́tò á fẹ́ gbá a. Ẹni tó wà nínú mọ́tò náà á jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó de táì, tí kò tíì láya, tí bàbá rẹ̀ sì lówó. Mi ò rí i rí kí ó jẹ́ lọ́rì tó kó iṣu ni yóò fẹ́ gbá ọmọbìnrin náà, kí awakọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ baba ọlọ́mọ rẹpẹtẹ tí òógùn ń run lára rẹ̀. Rárá o. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbá èèyàn nínú ìwé, ìta gbangba ní Bẹẹrẹ ló ti ń gbá wọn.

Lẹ́yìn èyí, ìyá ọmọkùnrin á ní òun kò gbà. Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin á máa jowú. Ẹnìkan á dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, á sì dìde ní àsìkò tó yẹ kí wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á wá kọ ohun tí olúkúlùkù ń sọ sínú nǹkan funfun róbótó kan lókè orí rẹ̀. Ẹni tó bá ń sunkún á gbé ọwọ́ lé iwájú orí. Ẹni tí ìfẹ́ ń pa á gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹni burúkú á máa fi igun ojú wòran. Mo mọ ẹlẹ́dẹ̀ kan ní àdúgbò wa tí ojú rẹ̀ mọ ọ̀nà tí a ń gbà ronú jù wọ́n lọ.

Èmi ni mo máa ń ka ìwé náà fún àwọn ìyàwó ilé wa ní Bẹyẹrúnká, n'Ìbàdàn. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó ní ó tó, kí n wá kọ́ iṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyàwó ilé. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá béèrè orúkọ mi, ìyá mi ló ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ìwé síwájú ojú mi, ohùn mi á jáde ketekete, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi ni mò ń sọ. Lọ́sàn-án, tí aṣọ bá wà lórí tábìlì, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n rì bọ ẹ̀kọ ya ọnà sí i kí wọ́n tó rì í sínú aró, èmi á jókòó sórí àpótí láàárín wọn, wọ́n á ní, "Ó yá, kà á."

Méjì nínú àwọn ìyàwó náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àkọ́kọ́ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àgbà gbogbo wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyálé. Ọkọ rẹ̀ ni baálé wa. Bàbá mi ń ṣòwò obì lókè Ọya ní tirẹ̀, kì í sábà sí nílé. Ìkejì ni ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé kẹ́yìn, Ìyàwó Kékeré, ẹlẹ́nu bí abẹ. Òun ló máa ń ra ìwé náà wá láti Bẹẹrẹ bí èyí tuntun bá ti jáde. Kò lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n á ti wo gbogbo fọ́tò rẹ̀ tán kí ó tó délé, á sì ti dá ẹjọ́ fún gbogbo wọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wá já lé lórí kì í bá wa jókòó níbẹ̀. Ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ni tirẹ̀.

Bọ̀dá ni mò ń pè é. Àbíkẹ́yìn bàbá bàbá mi ni, àbúrò baálé àti bàbá mi. Obìnrin ni wọ́n bí i, orúkọ obìnrin ni wọ́n sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ náà pè é rí. Bàbá-àgbà jẹ́ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, ó ń fi ọwọ́ ṣe ọnà sí ọrùn àti àyà agbádá. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, àbíkẹ́yìn yìí nìkan ló ní sùúrù láti jókòó tì í. Ó kọ́ ọ níṣẹ́, ó dá ṣòkòtò fún un, ó dé e ní fìlà, wọ́n jọ ń gbé iṣẹ́ tó ti parí lọ fún àwọn oníbàárà ní Ọjà'ba. Nígbà tó di pé ó yẹ kí ó bọ́ fìlà kí ó wé gèlè, kò bọ́ ọ. Bàbá-àgbà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn tí Bàbá-àgbà kú, òun ló jókòó sórí àga rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí àwọn yòókù bá lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, inú yàrá rẹ̀ ló ti ń kírun. Kò bá ọkùnrin tò, kò sì bá obìnrin tò.

Kò ṣòro fún àwọn ìyàwó ilé rárá. Nílé wa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Èmi gan-an, Ìyàwó Kékeré á kúnlẹ̀ fún mi láàárọ̀, á ní, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o," ojú á sì máa tì mí débi pé n kò ní lè dá a lóhùn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pe Bọ̀dá ní ọkọ, kò sí ẹni tó ń wẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fi pè mí, eré díẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Bọ̀dá kì í fi tirẹ̀ ṣeré. Á gbé orí sókè lára iṣẹ́, á ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ jí dáadáa?" ohùn rẹ̀ á sì balẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ìwé tó dé.

Ìtàn tó dá wàhálà sílẹ̀ dá lórí ọmọbìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú. Ó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n náà, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin olówó kan. Ẹ ti mọ ìyókù. Táì wà lọ́rùn ọ̀gá náà. Kò lè sùn mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ohun funfun róbótó orí rẹ̀ sì ń sọ pé, "Kí ló ń ṣe mí sí akọ̀wé mi yìí?"

"Òjò máa rọ̀," mo sọ bẹ́ẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Òjò wo?" Ìyàwó Kékeré béèrè.

"Òjò máa rọ̀, fìlà máa ṣí."

Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e jáde, òjò rọ̀, fìlà ṣí. Irun ọmọbìnrin náà tú sílẹ̀, ọ̀gá ya ẹnu. Àwọn ìyàwó ké lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ́ adìẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyálé.

"Ọkọ mi," Ìyàwó Kékeré wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí ni?"

"Rárá. Fìlà tí wọ́n bá dé fún obìnrin nínú rẹ̀ kò lè ṣàìṣí ni."

Ohun tó bí mi nínú jù kò yé wọn, mi ò sì ní ẹnu láti sọ ọ́. Kí fìlà tó ṣí, ọmọbìnrin yẹn ń kọ ìwé, ó ń bá àwọn oníṣòwò dúnàádúrà, ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà ní ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí fìlà ti ṣí, kò mọ ohunkóhun mọ́. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí. Àfi bí ẹni pé inú fìlà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, tí òjò sì ti fọ̀ ọ́ lọ.

Ìyálé fa ìwé náà mọ́ra, ó sì tẹjú mọ́ fọ́tò òjò yẹn.

"Ẹ wá wo ibí yìí," ó wí. "Mápó nìyí."

Lóòótọ́, Mápó ni. Àwọn òpó ńlá iwájú gbọ̀ngàn ìlú yẹn ló wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà. Kò sí ẹni tó lè tan Ìyálé jẹ lórí òpó Mápó, nítorí ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló mọ̀ ọ́n yà jù, òpó Mápó ló sì wà nínú ọnà náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, òun ni ó wà lórí aṣọ níwájú rẹ̀: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí.

"Ìbàdàn níbí ló ti ṣẹlẹ̀!" Ìyàwó Kékeré pariwo.

"Ìtàn ni," mo wí.

"Ìtàn báwo? Fọ́tò nìyí. Ẹni tó ń yàwòrán lè ya ohun tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí níwájú kámẹ́rà, ṣé kámẹ́rà lè rí i?"

"Fọ́tò kì í parọ́," Ìyálé wí. Ó parí nìyẹn.

Bọ̀dá ń kọjá lọ bu omi àlùwàlá. Ó dúró wo aṣọ tó wà lórí tábìlì.

"Ìyàwó mi, ṣíbí tí ẹ yà sáàárín àwọn òpó yẹn, ta ló ń fi í jẹun ní Mápó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyálé ní, "Ọkọ wa, ẹ̀yin náà! Ọnà kọ́ nìyẹn?"

"Ọnà ni tiwọn náà," Bọ̀dá wí, ó fi ojú tọ́ka ìwé ọwọ́ mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ẹni tó gbọ́ èyí tó sọ kẹ́yìn yẹn. Gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ: fìlà, bùbá, ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wo fọ́tò. Mo rí i bí ìrònú náà ṣe gun orí Ìyálé, bí èèrà ṣe ń gun igi.

"Kò ju kí ó rí ẹni tó máa ṣí tirẹ̀ náà," ó wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn Bọ̀dá. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè ba ayé rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹni tó kórìíra yín, ẹ lè sá fún un. Ẹni tó ti ka ìfẹ́ nínú ìwé, tí ó wá fẹ́ fún yín ní díẹ̀ nínú rẹ̀, ibo lẹ fẹ́ sá gbà?

Kò pẹ́ tí ó fi bá baálé sọ ọ́. Baálé tí kò fi ìgbà kankan ronú lórí fìlà Bọ̀dá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí rẹ̀. Wọ́n wá ọkọ. Nínú ìwé, ọkọ máa ń jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ìjọba. Ní Bẹyẹrúnká, onípákó kan láti Ìsàlẹ̀ Òsì ló gbà, baba tí ìyàwó rẹ̀ kan ti kú, tí méjì sì kù, tí gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ti lọ sí ibi tí obì ń kó wọn lọ. Wọ́n ní bí Iléyá bá ti kọjá, yóò kó obì wá.

Mo gbé oúnjẹ lọ fún Bọ̀dá lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un. Kò tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́, ó sì di abẹ́rẹ́ náà mú lásán.

"Ṣé ẹ̀yin náà gbà ni?" mo bi í. Òun nìkan lẹni tí mo lè bi ní nǹkan láìsí ìwé lọ́wọ́ mi.

"Wọn ò bi mí bóyá mo gbà. Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyálé ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọbìnrin inú ìwé ṣe sọ ní ìbẹ̀rẹ̀." Ó wo ògiri. "Wọ́n lè wọ aṣọ obìnrin fún mi tí wọ́n bá pọ̀ tó. Òkú ni a máa ń wọ aṣọ fún láìbi í. Tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ fún mi tán, kí wọ́n máa wí fún ara wọn pé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti bá ìwé náà jà. Nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e jáde, tí ọ̀gá ń fi òrùka hàn án, mo yí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin náà padà bí mo ṣe ń kà á. Mo ní ó wí pé, "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní fìlà mi, mo ní iṣẹ́ láti ṣe."

"Kò lè jẹ́ ohun tó wí nìyẹn," Ìyàwó Kékeré wí. Ó fi ìka aláró kan fọ́tò. "Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Eyín ló ń fi hàn láti etí dé etí. Ọkọ mi, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Gbogbo ayé mi, ìwọ ni mo ń retí." Àwọn ìyàwó mí kanlẹ̀.

Onípákó wá fojú kan ìyàwó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó de táì. Mi ò purọ́. Ìyàwó Kékeré ló ránṣẹ́ sí i pé bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yá, kí ó de táì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí. Baba náà so ó mọ́ ọrùn bùbá, ó wá gbé agbádá lé gbogbo rẹ̀, etí táì náà sì yọ nísàlẹ̀ bí ahọ́n ewúrẹ́. Wọ́n mú un lọ bá Bọ̀dá ní ọ̀ọ̀dẹ̀, àwa tó kù sì kó ara wa sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Onípákó jókòó. Ó wo Bọ̀dá. Ẹnìkan ti kọ́ ọ láti máa wò bí ẹni inú fọ́tò, nítorí ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bi í pé, "Ṣé ọrùn ń dùn yín ni?"

"Ẹ káàbọ̀," Bọ̀dá wí. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́," onípákó dáhùn. Ó tún ara ṣe. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí agbádá tó wà lẹ́sẹ̀ Bọ̀dá, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. "Ọwọ́ lásán lẹ fi ṣe gbogbo ìyẹn?"

"Ọwọ́ lásán ni."

"Háà." Ó fà sún mọ́ ọn, ó fi àtàńpàkò kan ọnà náà. "Ẹ wo bó ṣe dúró! Tèmi yìí, ẹ̀rọ ló ṣe é, ó ti ń tú. Tí mo bá gbé aṣọ wá fún yín, ṣé ẹ lè bá mi ṣe irú èyí sí i?"

"Mo lè ṣe é."

"Kí àyà rẹ̀ kún dáadáa o."

"Yóò kún."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ìyàwó Kékeré fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ṣé ìyàwó ni baba yìí wá fẹ́ ni, àbí aránṣọ?" Ìyálé gbá a létí díẹ̀. Nígbà tí onípákó ń lọ, ó sọ fún baálé pé ìyàwó wu òun, pé òun yóò kó obì wá bí wọ́n ṣe sọ, àti pé òun yóò fi aṣọ agbádá náà ránṣẹ́ lọ́la.

Ó fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Bọ̀dá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ìyẹn ni mi ò lè wò. Ó ń ṣe ọnà sí ọrùn aṣọ ọkùnrin tó máa gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí bí ó bá ti di ìyàwó ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ta ni yóò jẹ́ kí ó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, kí ọkùnrin máa wọlé wá bá a?

Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, Ìyàwó Kékeré sáré wọlé láti Ọjà'ba lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìborùn rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Wọ́n wà ní Mápó! Àwọn onífọ́tò! Ọmọbìnrin wa ń ṣe ìgbéyàwó!"

Àwọn ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀ sínú aró. Àwọn tó ń bú ìyàwó tó bá jẹ́ kí aṣọ pẹ́ jù nínú aró ni mò ń wí. Wọ́n tú jáde pẹ̀lú ọwọ́ dúdú, Ìyálé ló ṣíwájú, ó ń gun òkè Mápó bí ẹni tí wọ́n pè sí ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó di mí lọ́wọ́ mú pé tí wọ́n bá kọ nǹkan sí ibì kan, kí n lè kà á.

A bá èrò níbẹ̀. Mọ́tò kan tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù so wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọmọbìnrin inú ìwé náà dúró láàárín àwọn òpó nínú léèsì, pẹ̀lú gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀. Ọkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú agbádá. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ń kígbe pé, "Ẹ má mira! Ìyàwó, rẹ́rìn-ín! Ọkọ, ìyàwó rẹ ni o, kì í ṣe ẹni tí o jẹ ní gbèsè, wò ó dáadáa!"

Ìyálé ń sunkún. "Ẹ wò ó," ó ń wí fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. "Ẹ wò ó bó ṣe dùn tó. Fìlà ló dé tẹ́lẹ̀ o."

Wọ́n ya fọ́tò náà tán. Bí wọ́n ṣe yà á tán, obìnrin kan tó ti ń ká apá lẹ́bàá òpó bọ́ síwájú pé òun ń gba aṣọ òun, pé òun ò lè dúró dìgbà tí ìdọ̀tí yóò kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè lórí ìyàwó níṣojú gbogbo ayé. Onímọ́tò náà ní òun ń lọ. Obìnrin méjì na ìró láti fi bò ó, ọmọbìnrin náà wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jáde. Bùbá ló wọ̀, àti ṣòkòtò. Ó ń ti irun rẹ̀ bọ abẹ́ fìlà.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìwé tí mo kà kò kéré. Ní òpin, ọkọ máa ń rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó kọ́kọ́ rí ìyàwó rẹ̀, wọ́n á sì fi fọ́tò ìrántí náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ìgbéyàwó. Nítorí pé aláṣọ àti onímọ́tò ń kánjú ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ya ti ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n Ìyálé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó já gba àárín èrò kọjá lọ bá ọmọbìnrin náà.

"Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ni ìyàwó lẹ́ẹ̀kan?"

"Èmi ni, mà."

"Gèlè rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbà á, mà. Ìyẹn ti parí."

"Ó ti parí? O wá tún dé fìlà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èyí ló kù."

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún wo òsì. "Ta ni? Àá, òun ló ń jẹ ẹ̀pà lọ́hùn-ún yẹn."

Lóòótọ́ ló ń jẹ ẹ̀pà. Ó ti bọ́ agbádá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ òpó, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù.

"Kò sì bínú?"

"Kí ló máa bí i nínú, mà?"

"Subuhánálláhì," Ìyálé wí. Ó yíjú sí wa. "Ẹ gbọ́? Wọ́n gbé e níyàwó tán, ó tún gbé fìlà rẹ̀ dé. Ìgbéyàwó kò ràn án."

Ìyàwó Kékeré fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìyálé, ó jọ pé wọ́n kàn—"

"Fọ́tò kì í parọ́," mo wí.

Gbogbo wọn yíjú wò mí. Kò sí ìwé lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ̀rọ̀. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ṣùgbọ́n n kò wolẹ̀. Ìyàwó Kékeré wò mí títí, ó tún wo ọmọbìnrin onífìlà náà, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó yé e. Ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ọkọ mi sọ òótọ́," ó wí. "Fọ́tò kì í parọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ Ìyálé lọ́dọ̀ baálé.

"Tí a bá fi fún onípákó, tí ó bá wá tún fìlà dé nílé rẹ̀, ta ni wọ́n máa bú? Àwa ni. Nílé wa níbí, fìlà kì í ṣe ẹ̀gàn. Ní Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ́n á máa fi wá kọrin."

"Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi pé ìgbéyàwó á wò ó sàn?"

"Èmi ni. Mo sì ti fojú mi rí i pé kì í wò ó. Ní Mápó. Lójú ọ̀sán gangan."

Ohun tí baálé bẹ̀rù láyé jù ni kí ará Ìsàlẹ̀ Òsì fi òun rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti rán ẹni lọ bá onípákó pé kí ó má kó obì wá mọ́. Ẹni tí ó rán ní baba náà gbọ́ ọ tán, ó gbọn orí, ohun tó sì béèrè ni pé, "Agbádá mi ńkọ́?"

Ó wá gbé e lẹ́yìn Iléyá. Àyà rẹ̀ kún dáadáa.

Títí di òní, Ìyálé ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tó gba Bọ̀dá sílẹ̀. Kò yí ọkàn rẹ̀ padà lórí ohunkóhun. Ohun tó gbàgbọ́ lánàá kò bọ́gbọ́n mu, ohun tó gbàgbọ́ lónìí kò sì bọ́gbọ́n mu jù ú lọ, ṣùgbọ́n èyí tòní jẹ́ kí èèyàn mí. Láràárọ̀, á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀ pé, "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀." Bọ̀dá á dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó tún dárúkọ gèlè.

Nígbà tí ìwé tó parí ìtàn náà jáde, mo gbé e lọ fún Bọ̀dá. Mo ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Mápó fún un, ó sì ti rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ fi gún un. Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á: ìgbéyàwó, omijé ayọ̀, ọkọ gbé ọwọ́ lé àyà, ó ń rántí. Fọ́tò onífìlà náà kéré, wọ́n fi í sí igun kan bí ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn gbàgbé.

"Gbé e wá kí n rí i," Bọ̀dá wí.

Kò wo ìyàwó. Kò wo onífìlà náà pàápàá. Agbádá tí ọkọ wọ̀ ló gbé sún mọ́ ojú, ó tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ju ìwé náà padà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni," ó wí, ó sì fa òwú yọ. "Òpùrọ́ ni gbogbo wọn."